Àpótí Tí Mo Fi Bo Abossey Okai

Kí n tó sọ èyí tó dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ṣe tí kò dára. Mo fi ọ̀lẹ ṣe iṣẹ́ kan, mo purọ́ pé mo ti dán an wò, iṣẹ́ náà dójú tì wá níwájú àlejò, wọ́n sì lé ẹlòmíràn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Kweku ni orúkọ rẹ̀. Mo dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń kó ẹrù rẹ̀, mi ò sì la ẹnu. Bí ẹ bá kà dé ibi tí mo ti ń yangàn nínú ìtàn yìí, ẹ rántí pé mo ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín.

Iṣẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń bọ́ mi. Sípéà páàtì tí èmi àti bàbá mi ń tà ní Abossey Okai, ọjà páàtì ọkọ̀ ní Accra, ló ń bọ́ mi. Àwọn ọmọ tó máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa ló ń yọ mí lẹ́nu: "Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti ṣe géèmù rí? Ṣé kí àwa náà kọ́ ọ?" Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò kàwé púpọ̀, JSS ni mo ti dá a dúró. Yorùbá tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Bí o bá fi Tíwì, èdè àwọn ará Ghana, tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, á máa to ọṣẹ tó ń tà lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá.

Ká má parọ́, mi ò ṣe géèmù. Géèmù ìbọn àtijọ́ kan ló wà, èyí tí èèyàn kì í rí ju ọwọ́ ara rẹ̀ àti ìbọn lọ níwájú, tí yóò máa sáré kiri inú ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa wá ara wọn. Àwọn tó ṣe é fi irinṣẹ́ kan sínú rẹ̀, pé ẹni tó bá wù lè kọ́ ilé tirẹ̀ tàbí ọjà tirẹ̀, kí àwọn ẹlòmíràn wá máa sáré níbẹ̀. Ibi tí a bá kọ́ báyìí là ń pè ní máàpù. Oní-máàpù ni mo jẹ́, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí di ìgbà tí mo bímọ. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Kò sí. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Kafé kọ̀ǹpútà kan wà ní àdúgbò Adabraka nígbà náà. Sister Dede, ọmọ Ga, ló ń bójú tó o fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ni ín. Ní ọ̀sán, àwọn èèyàn á wá tẹ ìwé ìwáṣẹ́. Tó bá di Sátidé, àwa oní-géèmù la ni ilé. Sister Dede fúnra rẹ̀ kì í gbá géèmù. Ó ń kọ́ máàpù. Èmi ni mi ò mọ̀. Mo kàn máa ń dúró sí igun kan nínú ọ̀kan lára àwọn máàpù yẹn, tí mo máa ń wo bí wọ́n ṣe to òkúta rẹ̀, títí ẹnì kan á fi wá yìnbọn pa mí.

Ó wá dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ kan. Ga àti Tíwì la jọ máa ń sọ; èmi ni mò ń yí i sí Yorùbá fún yín. Alata ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá ní Accra.

"Alata, wọ́n ń pa ọ́, ìwọ ń wo ògiri."

"Sister, ẹni tó kọ́ ògiri yìí mọṣẹ́."

"Kí ló mọ̀ níbẹ̀?"

"Òjìji rẹ̀ kò gbọ̀nà ẹ̀bùrú. Ibi tí fèrèsé wà ló ti wá."

Ó wò mí títí, ó ní: "Wá lọ́la. Má mú ẹnikẹ́ni wá." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Mo rò pé mo máa débẹ̀ kí n gbá máòsì mú. Irọ́ ni. Ó ní kí n padà sí Abossey Okai, kí n rìn láti ṣọ́ọ̀bù bàbá mi dé ojú títì, kí n wá sọ ibi tí èèyàn lè sá sí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, àti ibi tí ẹni méjì ti lè ṣèèṣì kọlu ara wọn.

"Sister, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn níbẹ̀."

"Ò ń kọjá níbẹ̀ ni. Mo ní kí o rìn."

Mo rìn o. Ẹ̀yìn páálí bíréèkì páàdì ni mò ń yà á sí. Mo ya ibi tí wọ́n to táyà sí bí òkè, ibi tí wọ́n ti ń fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì rọ̀ sókè, kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù, àti ọ̀nà tóóró tí àwọn fítà máa ń gbà sá fún ẹni tí wọ́n ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí mo bá gbé e dé, á fi ìka kan sórí páálí.

"Yàrá yìí, ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"

"Ọ̀kan."

"Sàréè nìyẹn. Fà á ya."

Mo ń fà á ya bí ẹni ń ya lẹ́tà ìfẹ́ tó kùnà. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé àwọn Yorùbá náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n kọ́ òun. Láti ọjọ́ yẹn, bí oní-máàpù kan bá ti kọ́ yàrá onílẹ̀kùn kan, á kígbe "Ònà kan kò wò ojà!" pẹ̀lú ohùn Ga, àwọn ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìyá mi gbọ́ ọ nígbà tó wá gbé oúnjẹ fún mi, ó ní: "Ta ló ń ge Yorùbá bí igi báyìí?" Síbẹ̀, ó bù fún un nínú oúnjẹ mi.

Nígbà tí ó gbà mí láyè dé ìdí kọ̀ǹpútà, mo rí i pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ pín sí mẹ́rin: o rí ilé láti òkè, o rí i láti iwájú, o rí i láti ẹ̀gbẹ́, ìkẹrin fi ilé náà hàn bí yóò ṣe rí lójú. Bí o bá kọ́ ọ tán, wàá sè é. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn, sísè. Kọ̀ǹpútà á jókòó, á máa ro ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà àti ohun tí ẹni tó bá dúró níbí lè rí lọ́ọ̀ọ́kán. Wákàtí ni o, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bí dumsor bá sì mú iná mọ̀nàmọ́ná lọ láàárín rẹ̀, kí o tún ìkòkò gbé kaná.

Kweku wọlé sínú ìtàn níbí. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ nínú kafé. Ọmọ Fante ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í bọ́ aṣọ ìnuwọ́ kúrò léjìká. Bí ẹ̀rọ bá ń sè máàpù, á gbé ọwọ́ lé e bí ìyá tó ń wo ọmọ tí ibà mú.

"Ara rẹ̀ gbóná," á ní, "ṣùgbọ́n kò ní kú."

Ẹ̀rọ kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ó gbó jù nínú gbogbo wọn. Kweku sọ ọ́ ní Nàná, bí ẹni ń pe ìyá àgbà. Òfin Sister Dede ni pé máàpù kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé a gbé e fún Nàná. Bí Nàná bá lè gbé e láìfà lẹ́sẹ̀, ó jinná. Bí kò bá lè gbé e, a óò dá a padà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tí mo fi kọ́ṣẹ́, Nàná dá iṣẹ́ mi padà ju bí wọ́n ṣe dá mi padà nílé ìwé lọ.

Máàpù tí mo wá fẹ́ fi gba òmìnira ni Abossey Okai gan-an. Mo kọ́ ọ̀nà tóóró yẹn, mo kọ́ òkè táyà, mo gbé ara trotro kan, ọkọ̀ akérò wa, tí kò ní ẹ́ńjìnnì sí àárín ọ̀nà kí èèyàn lè sá wọ inú rẹ̀. Mo sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, pẹ̀lú ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù rẹ̀. Mo fi ẹ̀bẹ̀ mú bàbá wá wò ó. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kafé bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, ó jókòó, ó fi gíláàsì sójú.

"Ṣọ́ọ̀bù mi rèé!" Ó na ọwọ́ sí i. "Kàmọ́rù! Púlọ́ọ̀gì mi rèé lórí pẹpẹ!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Oníbàárà dà?"

"Bàbá, géèmù ìbọn ni. Kò sí oníbàárà níbẹ̀."

"Ìbọn ni o, idà ni o, ṣọ́ọ̀bù tí kò ní oníbàárà kì í ṣe tèmi. Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀."

Kweku fẹ́rẹ̀ẹ́ ti orí àga ṣubú. Ó ní: "Alata, fún Bàbá ní oníbàárà!" Mo bá mọ ère ọkùnrin kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó na ọwọ́ bí ẹni ń dúnàádúrà. Bàbá ní ó tó, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún un kó tó rajà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ó ti bàjẹ́. Àwọn oní-máàpù Tema, ìlú èbúté tó wà nítòsí Accra, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ họlidé kan, kí a gbá máàpù tiwọn, kí a gbá tiwa, kí a mọ ilé tó ju ilé lọ. Ẹni tó ni kafé sọ fún Sister Dede pé òun náà yóò wá wò ó. Ariwo géèmù ti sú u. Bí ẹ̀rọ òun bá dójú tì òun níwájú àlejò, ìbọn ò ní dún mọ́ níbẹ̀. Ìwé ìwáṣẹ́ nìkan ni wọn ó máa tẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sister Dede ní kí a fi máàpù Abossey Okai hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ìsìnkú ní ìlú ìyá rẹ̀, ó ní òun yóò dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n sè é tán kó tó dé.

Mo sè é. Kọ̀ǹpútà ní ó ń jò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Máàpù dà bí agbè. Bí ihò bíńtín bá wà níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ìta ti wọ inú nìyẹn, ẹ̀rọ kò sì ní lè mọ ohun tí ojú lè rí yàtọ̀ sí ohun tí ògiri bò. Irinṣẹ́ á fa okùn pupa kan fún ọ láti inú ilé lọ sí ibi ihò náà. Ìwọ ni kí o máa tẹ̀ lé okùn yẹn, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, títí wàá fi bá a. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀lẹ kan wà: kọ́ àpótí ńlá kan, kí o fi bo gbogbo máàpù mọ́lẹ̀, ilé, ọjà, ojú ọ̀run. Jíjò á dáwọ́ dúró. Lójú, ohun gbogbo á gún régé. Àmọ́ láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kò ní mọ èyí tí yóò fi pamọ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni yóò máa gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgbà tí oníbàárà béèrè púlọ́ọ̀gì kan ni, tí o wá ru gbogbo ṣọ́ọ̀bù síta fún un.

Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló mọ̀ pé èèwọ̀ ni àpótí. Mo tẹ̀ lé okùn pupa náà díẹ̀, ó sú mi, mo bá kọ́ àpótí. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ Sister Dede tó lágbára jù, ó ń sáré bí ehoro. Mi ò gbé e fún Nàná, nítorí mo mọ ohun tí Nàná yóò wí.

Kweku bi mí pé: "Alata, ṣé Nàná gbé e?"

Mo ní: "Ó gbé e."

"Ah, Nàná!" Ó lọ gbá ẹ̀rọ náà lẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Ìyá àgbà ṣì lágbára."

Àwọn ará Tema dé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù wọn nínú ọ̀rá. Máàpù tiwọn, etíkun tí ó kún fún kọ̀ntẹ́nà, la kọ́kọ́ gbá, ó sì dùn. Ó wá kan tiwa. Nígbà tí wọ́n rí trotro yẹn, wọ́n ké yèè. Ọ̀gá wọn sá wọ inú rẹ̀, ó ń pariwo bí mééti tó ń pe èrò sọ́kọ̀: "Circle! Circle! Circle!" Inú mi ń dùn, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn sáré wọ ọ̀nà tóóró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ kan dúró. Òmíràn dúró. Nàná dákú pátápátá.

Ọ̀gá àwọn ará Tema yọ orí sí wa. "Chale, ṣé gòsíló Abossey Okai náà lẹ kọ́ mọ́ ọn ni?"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Ẹni tó ni kafé kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Ta ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, Papa," Kweku dáhùn. "Ó lè jẹ́ eruku. Mi ò tíì nù wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ní ti máàpù yìí, Nàná ti gbé e rí. Àbí, Alata?"

Ó kọjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kó ẹrù ẹ," ọkùnrin náà sọ fún un. "Kí o má padà wá mọ́."

Wọ́n fi géèmù sílẹ̀ fún wa o. Ọkùnrin náà gbà pé òun ti rí ẹni tó jẹ̀bi. Orí Kweku la fi ra gbogbo Sátidé tí a gbádùn lẹ́yìn ìgbà náà.

Sister Dede pẹ́ lọ́nà; wọ́n ti lé Kweku kó tó dé. Ó ṣí máàpù náà, ó sì rí àpótí. Mo ń retí ìgbájú. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Fọ́ ọ. Jókòó síbí. Tẹ̀ lé okùn." Mo tẹ̀ lé e láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, òun náà jókòó tì mí. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni ihò náà wà, kò tó ìka. Nígbà tí mo dí i tán, ó ní: "Wàá lọ sọ fún Kweku. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́." Ó bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n pè é padà, ṣùgbọ́n Kweku ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Tema. Mo ní tí mo bá ráyè, màá lọ. Accra sí Tema, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe sún mọ́ra tó.

Mi ò lè purọ́ pé ọdún tó tẹ̀ lé e kò dùn. Ó dùn. Abossey Okai tí a dí ihò rẹ̀ yìí, a gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn oní-máàpù gbogbo ayé ti ń pàdé. Ẹnì kan láti ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ kọ̀wé sí mi pé: "Kí ni ọkọ̀ yẹn ń ṣe láàárín ọ̀nà? Mo ti kú sínú rẹ̀ títí."

Mo ní: "Ó ń dúró de ẹ́ńjìnnì."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí mi."

Láti ìgbà náà, àwọn oní-máàpù ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì sínú máàpù tiwọn láti fi bá mi ṣàwàdà. Mo kọ́ Adabraka, mo kọ́ ọjà, mo kọ́ ilé alájà kan tí kò sí níbì kankan. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò kọ́ àpótí mọ́ láyé mi. Mo ń gbé e fún Nàná títí Nàná fi re ibi tí àwọn ẹ̀rọ ń rè. Ẹlòmíràn ló ń nu eruku rẹ̀ nígbà náà.

Irinṣẹ́ náà yí padà. Díísìkì di fíláàṣì, fíláàṣì di fóònù. Ohun tí a ń fi wákàtí sè ti ń jinná kí èèyàn tó mu omi tán. Irinṣẹ́ tuntun á bá ọ dí ihò fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù fi ìka kan fa ilé ńlá jáde lórí fóònù rẹ̀. Mo ní, "Yàrá yẹn, ilẹ̀kùn mélòó ló ní?" Ó wò mí bí ẹni tí mo fi Lárúbáwá bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹjú mọ́ fóònù, ó fi ìkejì sí i. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè wí lọ.

Mo fẹ̀yìn tì nígbà tí ọmọ dé, tí bàbá kò lè gbé ẹ́ńjìnnì mọ́. Kafé náà ti di ibi tí wọ́n ti ń fi fóònù gba owó. Sister Dede ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń ge òwe wa bí igi. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ rìn kí ẹ tó kọ́lé. Ẹ gbé e fún ẹ̀rọ tó gbó jù, kí ẹ sì gba ohun tó bá wí.

Ó ku ohun kan. Ọkùnrin kan wá ra fáàn-bẹ́líìtì láìpẹ́ yìí. Mo ń wá a lórí pẹpẹ, mo gbọ́: "Alata!"

Kweku ni. Ó ti sanra, aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. A dì mọ́ra, a fẹ́rẹ̀ẹ́ wó pẹpẹ. Ó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun ń ṣe ní èbúté Tema, pé kò sí ẹni tó ń nu ẹ̀rọ tó òun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Chale, mo ti ń wá ọ láti bẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí o ṣe yẹn dára. Èmi ni mo jẹ́ kí eruku bà á jẹ́ níwájú àwọn àlejò. Ó máa ń dùn mí. Má bínú."

Mo gbọ́ ara mi tí mo ní: "Ó ti kọjá, Kweku."

Ó gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Kweku kò gbọ́ Yorùbá. Bí ìwé yìí bá tilẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò dá mọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálàmù, ìdí sì nìyẹn tí ọwọ́ mi fi yá. Mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà báyìí. Gbogbo ẹni tí mi ò jẹ ní gbèsè ló ti gbọ́ ọ. Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ mí níwájú pẹpẹ yẹn, ọwọ́ mi ló ṣì wà. Òun ló ni ín.